Àgbá Dé, Kò Bá A Nílé

Oríkì ló ń ṣẹ́ ọkọ mi lẹ́sẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí á rò pé mo ti ránṣọ títí abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́pọlọ. Àgbá ni gbogbo èèyàn ń bá wí. Lóòótọ́, àgbá ni: àgbá ọ̀dà, irin tó kún dé ẹnu, tí ọkùnrin mẹ́ta tó jẹun yó kò lè gbé nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbá kò lọ́kàn, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ilẹ̀ dà, ó yí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n fi ọkọ mi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, á yà fún un bí gbogbo ọmọ aráyé ṣe ń yà. Oríkì ni kì í jẹ́ kó yà.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òkè ni ilé tí wọ́n ti ń po ọ̀dà wà, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá géètì ni ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró sí, kọnkéré tó wà láàárín méjèèjì sì dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó máa gbé àgbá sọ̀kalẹ̀, àmọ́ ó ti kọṣẹ́ tipẹ́. Ẹyẹ kan ti yé ẹyin sórí àga awakọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó láyà láti lé abiyamọ. Nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á dá àgbá dùbúlẹ̀, ẹni kan á tẹ̀ lé e, á máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń yí lọ sísàlẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, á ké pé, "Ó já o!"

Níbi iṣẹ́ mìíràn, bí wọ́n bá gbọ́ "Ó já o," olúkúlùkù á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, wọ́n á máa wá ẹni tó máa dúró dè é. Ọkọ mi sì ni ẹni náà. Dádúró ni wọ́n ń pè é.

Bí orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí oògùn ìrora wà lára rẹ̀. Kò rí àgbá. Ẹnì kan ló pè é lẹ́yìn, ó yíjú láti dáhùn, irin sì gbá a lójúgun, àgbá náà dúró. Kí ó tó lanu pariwo, àwọn ará ibi iṣẹ́ ti ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà tí wọ́n ń pè ní Gbohùngbohùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka àgbá wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, ó dùn létí bí agogo. Ibi tí ọkọ mi wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni Gbohùngbohùn ti gbé e:

"Dádúró, ọkọ irin!
Adúrógbọnyinbíòpó,
Afojúgundènà,
Irin rí ọ, irin rọra,
Àgbá rí ọ, àgbá kúnlẹ̀,
Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sá wọlé,
Ìwọ nìkan lo kù lójú ọ̀nà bí òkè!"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí wọ́n bá kì yín báyìí, ṣé ẹ ó dìde sọ pé ẹ ò rí i ni?

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ké "Ó já o," Gbohùngbohùn á gbẹ́nu sókè, àwọn yòókù á gbè é, ọkọ mi á sì fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á bọ́ sójú ọ̀nà. Ojúgun lọ, àtàǹpàkò tẹ̀ lé e, kókósẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń gbé síwájú, ó ní òun ni akọ. Bí wọ́n bá gbé e délé, ojú rẹ̀ á máa dán.

"Ìyá wọn, bí wọ́n bá ti ń kì mí, ńṣe ni orí mi ń wú."

"Bàbá wọn, ẹsẹ̀ yín náà ń wú."

"O ò mọ ohun tó ń jẹ́ akin."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń fọ báńdéèjì rẹ̀."

Kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan ọ̀hún bà jẹ́. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ ìbòòji nínú ọgbà wọn, Bẹ́ǹṣì Akin ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí àgbá kò bá tíì gùn rí kò gbọ́dọ̀ fìdí kàn án. Ìdúró ni yóò ti jẹun ọ̀sán. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan kó lè ráyè jókòó. Àṣírí tú lọ́jọ́ tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro wọlé láàárọ̀, tó sì fi tòsì tiro jáde nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó máa dúró jẹun títí àgbá yóò fi ṣàánú rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ rán ẹnì kan wá láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀gá Ààbò ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni, òtítọ́ ló sì gbé wá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀: BÍ ÀGBÁ BÁ Ń YÍ BỌ̀, Ẹ YÀ FÚN UN. Àwọn ọkùnrin náà kà á, wọ́n wo ara wọn.

Gbohùngbohùn ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò létí."

"Báwo ni kò ṣe létí? Òfin ni."

"Òfin ni lóòótọ́. Kò ṣeé gbè."

Ọ̀gá Ààbò kọ̀wé sókè pé kí wọ́n fi bàtà onírin ránṣẹ́. Akoto ni wọ́n kó wá, fìlà líle táwọn tó ń kọ́lé máa ń dé. Wọ́n ní bàtà ti tán, pé ààbò kan ò ju ààbò kan lọ. Kò sì sí ẹni tí nǹkan bọ́ lù lórí rí nínú ọgbà yẹn, àfi ẹyẹ tó ṣu sí Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí. Ọkọ mi yẹ akoto tirẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ó dé e mọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó fi okùn so ó mọ́ kókósẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn yòókù ti ń dé fìlà sẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ń rìn bọ̀ lọ́nà, kò-kò-kò, bí ẹni pé agbo ẹṣin ń bọ̀. Ọ̀gá Ààbò kọ̀wé pé wọ́n ti ń lò ó.

Àgbá tó tẹ̀ lé e fọ́ akoto náà, ó sì ṣẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Dókítà pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ òsì yìí, mo ti tò ó bí ẹni to àwo tó fọ́. Bí àgbá bá tún gùn ún, kò sí ohun tí màá rí tò mọ́. Gígé ni."

Mo ní kó wọlé sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Ó wọlé, ó sọ ọ́. Ọkọ mi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Dókítà, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Dádúró?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Fáìlì rẹ̀ ló nípọn jù níbí."

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ yẹn jẹ́ fún mi. Aránṣọ ni mí. Orúnkún mi kò fẹ́ kí n tẹ ẹ̀rọ pẹ́ mọ́. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, á fa àpótí rẹ̀ wá sápá ọ̀tún mi, á na ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ ẹ̀rọ, á máa bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi á di aṣọ mú, òun á tẹ̀. Mo lè wí pé "rọra," mo lè wí pé "ó yá," nígbà mìíràn mi ò ní wí nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì mọ ibi tí aṣọ ti nípọn. Gbogbo ọmọ wa ni a fi ọwọ́ mi àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rán aṣọ fún. Láti ìgbà tí dókítà ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ náà ni ẹ̀rọ mi ti dákẹ́ nírọ̀lẹ́.

Mo kúnlẹ̀ nílé, mo ní: Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tó fún ọkọ mi ní ẹsẹ̀ méjì, O ò ṣèèṣì. Jẹ́ kí méjèèjì jọ darúgbó.

Ọjọ́ tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì náà, ó ní òun ń padà síbi iṣẹ́. Mo sunkún, mo sọ̀rọ̀, mo fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ oúnjẹ náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, mo ní mo wá wọn aṣọ iṣẹ́ wọn. Gbohùngbohùn ni mo kọ́kọ́ wọ̀n.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ má ki ọkọ mi mọ́."

"Ìyàwó wa! Kí ni kí n wá máa fi ẹnu ṣe?"

"Ẹ fi jẹun."

"Mo fi ń jẹun. Àyè ṣì kù."

"Dókítà ní wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà."

Mo fi téèpù yí i láyà, mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ní, "Ẹ máa wò ó, kì í ṣe pé mo fẹ́ kó fara pa. Bí àgbá bá já, ẹnu mi ló ń ṣí fúnra rẹ̀. Èmi kì í rán an."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí wọ́n gbé báàfù omi kan kalẹ̀ láàárín ọgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ké "Ó já o," kí olúkúlùkù sáré bu omi sẹ́nu, kó pa á mọ́ títí ewu yóò fi kọjá. Èèyàn ò lè kì pẹ̀lú omi lẹ́nu. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n tilẹ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí ti ọmọ tó ń fẹ́ fèrè. Ọ̀gá Ààbò yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀, ife tíì lọ́wọ́, ó ní ṣé gbogbo wọn ni eyín ń dùn ni. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú akoto tuntun lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kó máa to ìdérí àgbá nísàlẹ̀, iṣẹ́ ìjókòó. Mo fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo ń ka omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ omi kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀.

"Ó já o!"

Àgbá ńlá kan ló já lókè, aláwọ̀ aró ni wọ́n kọ sí i lára. Ó kọ́kọ́ rọra ń bọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ, ó wá ń yára. Àwọn ọkùnrin náà sáré lọ síbi báàfù, kò-kò-kò, wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, ojú wọn yọ síta. Ọkọ mi ti dìde. Ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ó dẹ etí sílẹ̀.

Ọgbà dákẹ́. Àgbá nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Gbohùngbohùn! O ò rí mi ni?"

Gbohùngbohùn fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

Ọkọ mi wo gbogbo wọn. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, ó fẹ́ yà! Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àfi bó ṣe dúró, tó gbé ẹsẹ̀ náà padà, tó sì ń ki ara rẹ̀:

"Èmi Dádúró, ọkọ irin... Afojúgun... Àgbá rí mi, àgbá... àgbá jókòó..."

Omi tú jáde lẹ́nu Gbohùngbohùn bí òjò.

"Kúnlẹ̀ ni! Àgbá kúnlẹ̀! Ta ló jókòó? Irin ló ṣáájú pàápàá! 'Irin rí ọ, irin rọra!' Má bà á jẹ́ o!"

Ó ti débẹ̀, kò lè dúró mọ́. Ó gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù tu omi dànù, wọ́n gbè é. Ọkọ mi nàró bí òpó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ojú rẹ̀ ń dán. Àgbá ti kọjá àárín ọgbà.

Ilé ni mo ti kọ́ ewì, lẹ́sẹ̀ ìyá bàbá mi, nígbà tí mò ń bá a ṣa ẹ̀wà. Bí ọmọdé bá kọ̀ tí kò wẹ̀, ìyá àgbà kì í nà án; á kì í wọnú omi ni. Mi ò rántí rẹ̀ títí di ìgbà tí ojú mi bá ògiri ọ́fíìsì Ọ̀gá Ààbò, tí mo rí òfin gbígbẹ yẹn. Mo jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí mo fara pa mọ́ sí, mo la ẹnu, mi ò mọ ohun tó máa jáde:

"Dádúró mi, ayẹ̀bíatẹ́gùn!
Àgbá dé, kò bá ọ nílé,
Ó béèrè rẹ lọ́wọ́ ọ̀nà,
Ọ̀nà ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.
Irin sáré títí, irin ò bá nǹkan kan,
Ojú tì í, ó kọjá lọ.
Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí í fi méjèèjì wọlé nírọ̀lẹ́,
Yà, ọmọ akin, yà,
Yà bí ilẹ̀kùn ààfin, kí játijàti kọjá!"

Orí rẹ̀ wú. Mo rí i láti ibi tí mo wà. Ó gbé àyà síwájú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga tí mi ò rí rí, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún ìránṣẹ́. Àgbá fẹ́ ẹ létí ṣòkòtò, ó kọjá.

Iwájú rẹ̀ tààrà ni ọ́fíìsì Ọ̀gá Ààbò wà, òun fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíì rẹ̀. Ó wo àgbá. Ó wo ohun tó kọ sára ògiri. Ó yà. Àgbá wọlé láìkanlẹ̀kùn, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ilé wó, ọ̀dà aró sì tú jáde lójú fèrèsé. Nígbà tí Ọ̀gá Ààbò wọlé lọ wò ó tó sì jáde padà, ó ti di aró dé ìbàdí, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ó ṣiṣẹ́!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. "Ẹ wò ó! Òfin yẹn ṣiṣẹ́!"

Gbohùngbohùn kò wò ó. Èmi ló ń wò, ó ń mi orí bí ẹni tó fi ẹnu kan oúnjẹ tuntun.

"'Àgbá dé, kò bá ọ nílé.' Ìyàwó wa, irú ẹ̀bùn yìí lẹ wá fi ń rán ṣòkòtò?"

Láti ọjọ́ yẹn, yíyà dé ilé iṣẹ́ ọ̀dà. Olúkúlùkù ló fẹ́ kí n ṣe tòun fún òun. Wọ́n yà fún àgbá, wọ́n yà fún kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ẹrù, wọ́n yà fún ife tó bọ́ lórí tábìlì. Ọ̀gá àgbà wá bẹ iṣẹ́ wò, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Bẹ́ǹṣì Akin pàápàá yí òfin padà: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé nìkan ló ń jókòó. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó na méjèèjì síta kí gbogbo ayé lè rí i. Nígbà tí àwọn àgbá tí wọ́n ń yà fún ti fọ́ ògiri ìsàlẹ̀ tó, àwọn aláṣẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹyẹ yẹn ti pa ọmọ, ó ti kó wọn lọ. Àgbá ń gun ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀ báyìí bí ìyàwó tuntun.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àgbá kọjá yẹn ni mò ń bọ̀ wá sí. Ọkọ mi jẹun tán. Ó tú akoto lẹ́sẹ̀, ó gbé e kọ́ ibi tí wọ́n ń kọ́ fìlà sí. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó ń mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka àwọn ọmọ tó ti ìrìn àjò dé.

"Ìyá wọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ohun tí o kì mí yẹn, ṣé oríkì ni lóòótọ́, àbí o kàn fẹ́ kí n sá ni?"

"Méjèèjì ni."

Ó rò ó títí. "Irin ò bá nǹkan kan," ó wí i lẹ́nu jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín nímú. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ti tẹ́ aṣọ iṣẹ́ Gbohùngbohùn sábẹ́ abẹ́rẹ́, orúnkún mi ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ pè é. Mo gbọ́ ìró àpótí tí wọ́n ń fà nílẹ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi lápá ọ̀tún, ó dúró díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí sìmẹ́ńtì ti wà.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́, sún díẹ̀ fún mi, kí n ráyè gbé ẹsẹ̀ lé e."